Ìwé Ìdúpẹ́ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Àpẹẹrẹ láti Ìbàdàn, 1853 sí 1921

Àwọn òpìtàn kì í sábà ka ìwé ìdúpẹ́ sí ẹ̀rí pàtàkì. Ìwé àdéhùn, ìwé ẹjọ́ àti ìròyìn àwọn aṣojú ìjọba ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwé ìdúpẹ́ tí a kọ dáadáa ń fi ohun tí àwọn ìyẹn kò sọ hàn: ẹni tí ó ṣoore, ohun tí ó fi tọrẹ, àti ohun tí oore náà ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà lè fi olóore kan pamọ́ nígbà tí ó ń yin òmíràn.

Kí ìwé tó dé ni ìdúpẹ́ ti ní ìlànà. Ní àwọn agboolé tí ó yí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Òkè Mápó ká, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìdúpẹ́ ojú ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí a ṣe lóore ní láti padà lọ sí ilé olóore ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó dárúkọ oore àná, kí ó sì ṣe àdúrà. Bí oore náà bá tóbi, ará ilé rẹ̀ yóò bá a lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nǹkan mẹ́ta ni ìlànà yìí béèrè: àsìkò, orúkọ oore náà, àti ẹlẹ́rìí. Àrokò lè gbé ìfẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n kò lè ka oore lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé ti lè ṣe.

Ní 1853 ni David Hinderer, ará Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá dó sí Ìbàdàn lábẹ́ ìjọ C.M.S. Kúdẹtì, tí kò jìnnà sí Ọjà'ba, ni wọ́n kọ́lé sí. Àwọn ọ̀rẹ́ Anna ń fi àpótí ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti òkè òkun, òun náà sì ń kọ̀wé padà. Kì í fi mọ sórí ọpẹ́. Ó ń ròyìn àwọn ọmọ tí ó ń tọ́, ìyẹn ni pé ó ń fi èso ẹ̀bùn han olóore.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìjàyè ṣubú ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà etíkun kò là títí di 1865, nígbà tí Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán Captain Maxwell wá mú Anna jáde. Ní ọdún wọ̀nyẹn, àwọn Hinderer ta ẹrù ilé láti fi jẹun, àwọn ará ìlú kan sì yá wọn ní owó ẹyọ. Ìwé *Seventeen Years in the Yoruba Country*, tí a fi lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ Anna ṣe, jáde ní 1872, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Oore ará Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí a ti fi ẹnu dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó yáni lówó. Ọpẹ́ ẹnu kì í sì í dúró de òpìtàn.

Samuel Johnson, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìjọ kan náà, tọ ọ̀nà mìíràn. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ ní 1897 sí *The History of the Yorubas*, ó dárúkọ àwọn tí ó fún un ní ìtàn: Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, àti David Kúkọ̀mí, bàbá ìjọ Ìbàdàn. Ó sọ apá tí oníkálukú sọ fún un. Ìwé àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán sí òkè òkun. Johnson kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló tún un tò, ó sì jáde ní 1921. Nítorí pé Johnson dúpẹ́ pẹ̀lú orúkọ, a mọ ẹni tí ìtàn Ìbàdàn ti ẹnu rẹ̀ wá.

Nítorí náà, kí òpìtàn tí ó bá rí ìwé ìdúpẹ́ béèrè ẹni tí a kọ ọ́ sí, àti ẹni tí ó ṣoore tí a kò kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó sì fẹ́ kọ èyí tí ó dára, kí ó kọ ọ́ kí oore tó tutù, kí ó dárúkọ olóore àti ohun tí ó ṣe, kí ó sì sọ ibi tí oore náà bá ọ̀rọ̀ dé.