Ẹlẹ́nu-dòjé: Orúkọ fún Ẹyẹ Inú Ẹrẹ̀

Láti ayébáyé la ti ń fi aró mọ agbe, tí a ń fi osùn mọ àlùkò, tí a sì ń fi ẹfun mọ lékeléke. Ṣùgbọ́n ẹfun nìkan kò tó mọ́ bí ọmọ Ìlódè ní Ifẹ̀ bá dé etí omi Ọ̀pá, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù, àgógó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ẹyẹ funfun mìíràn wà tó ń dá rìn nínú omi: àgógó rẹ̀ dúdú, ojúgun rẹ̀ dúdú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló pọ́n, òun ló sì fi ń ru ẹrẹ̀ kí ẹja lè sá jáde. Lékeléke náà ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é.

Ní ti wíwá ọ̀rọ̀ tuntun, àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe tiwọn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà lára ohun tó jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ gírámà láì kálòlò. Awòyẹ, ìyẹn ẹni tó ń wo ẹyẹ, kò ní irú rẹ̀. Lójú tèmi, kí a má fi orúkọ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà ara àti ìṣe ni ká kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ fún: àgógó tó tọ́, èyí tó tẹ̀ sókè, èyí tó tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹyẹ onílé, ẹyẹ àlejò tó ń ti Yúróòpù wá lásìkò ọyẹ́. Orúkọ yóò tinú wọn jáde. Èyí kékeré tí ìdí rẹ̀ kì í sinmi, ajùdí-létí-odò ni mo pè é. Èyí tí àgógó rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ bíi dòjé, ẹlẹ́nu-dòjé.

Ẹlẹ́nu-dòjé kan wà tí ẹnu tirẹ̀ rí tín-ín-rín. Merja Zerga ní Mòrókò ni wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn tó dájú, ní 1995; ní 2025, àjọ IUCN kéde pé ó ti run láyé. Ó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńlá púpọ̀, àfi pé ó kéré sí i, ara rẹ̀ funfun sí i, àmì dúdú tótòtó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ fún àmì yẹn lè ti rí i nígbà náà kó má mọ̀ pé òun rí nǹkan.

Ifẹ̀ kò ní òkun tí a ti lè wo irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etíkun Ìlàjẹ, ní agbègbè Màhín àti Àyétòrò, ẹrẹ̀ ni, kì í ṣe iyanrìn, àwọn apẹja ibẹ̀ ló sì ń dúró tì í nígbà tí omi bá fà. Orúkọ tèmi kàn ń di àyè mú ni. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, bí ẹ bá mọ ohun tí àwọn bàbá yín ń pe ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn inú ẹrẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì ya àgógó àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Tiyín la ó lò.