Èémí Ìkókó: Ìtàn Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Ìbí

Bí obìnrin bá bímọ, ‘Ẹ kú ewu ọmọ’ ni Yorùbá fi ń kí i. Ewu náà kì í ṣe ti ìyá nìkan. Nínú oyún, ibi ni ó ń bá ọmọ gba ọ́síjìn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bí i, ẹ̀dọ̀fóró tí omi kún gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nínú ọmọ 100, bí 90 ni ó ń ṣe èyí fúnra wọn. Àwọn tí ó kù ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Àwọn àgbà kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkókò yìí. Orúkọ àmútọ̀runwá bíi Sàlàkó àti Tàlàbí jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ń wo orí àti ojú ọmọ bí ó ti ń jáde, bóyá àlà bò ó. Bí ọmọ kò bá ké, wọn a wọ́n omi tútù sí i lára, wọn a sì gbá a nídìí. Àwọn Òyìnbó pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n omi tútù a máa gba ooru ara ọmọ. Kì í fi afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ní 1952, Virginia Apgar, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣètò máàkì tí a fi ń díwọ̀n ìkókó: àwọ̀ ara, ìlù ọkàn, ìdáhùn sí ìfọwọ́kàn, agbára iṣan àti mímí. Ní 1956, àpò rọ́bà alábòmú, tí ń wú padà lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́, jáde ní Dẹ́nímáàkì. Ní 1971, George Gregory àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco ròyìn bí afẹ́fẹ́ tí kò dáwọ́ dúró ṣe ń ran ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lọ́wọ́, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má baà pa dé. Lónìí, a lè fi ọ̀pá kékeré méjì sí imú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí a sì ki òpin ọ̀pá tí èémí ń bá jáde bọ inú ìgò omi. Bí ó bá ṣe jìn tó nínú omi ni agbára afẹ́fẹ́ náà ṣe ń pọ̀ tó. Hippolite Amadi, ọmọ Nàìjíríà, gba Ẹ̀bùn Sáyẹ́ǹsì ti Nàìjíríà ní 2023 nítorí irú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kò lè dá yanjú ọ̀ràn náà. Ẹ jẹ́ kí a wo Ìkéjì-Arákejì, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928. Ìjọ C.A.C., tí a kò lè sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀, ní ilé ìgbẹ̀bí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ wà ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí ó lè gbé ìkókó débẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti rí àpẹẹrẹ ọgbọ́n tí ó yẹ. David Morley, dókítà Wesley Guild láti 1956, gbé ìtọ́jú ọmọdé lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì fi iṣẹ́ lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Irú ìlànà yìí ni ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà tẹ̀ lé nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2010 fún àwọn agbẹ̀bí: kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu ọmọ, kí wọ́n ra á lẹ́yìn, bí kò bá mí, kí wọ́n fi àpò alábòmú fún un ní afẹ́fẹ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ní ilé ìwòsàn 8 ní Tansaníà, ikú ìkókó láàárín wákàtí 24 fi 47 nínú 100 dín kù lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2013 ti fi hàn.

Ní ìkádìí, ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ gba ọmọ ni ẹ̀mí ọmọ wà, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé àdúrà. Àdúrà kò dí àpò rọ́bà lọ́wọ́. Agbẹ̀bí tí ó mọ ohun tí yóò ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ó ń jẹ́ kí ‘Ẹ kú ewu ọmọ’ jẹ́ ìkíni ayọ̀.