Àtúnṣe Ọkọ̀ Onígbòkun Kékeré

Nígbà tí pákó ni a fi ń kan ọkọ̀ onígbòkun kékeré, ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń wà. Ní ọdún 1942, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Ray Greene fi fọ́nrán gíláàsì àti rẹ́sìnì mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ohun tí à ń pè ní fáíbà. Ọkọ̀ Laser tí Bruce Kirby yàwòrán rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1971. Èyí tí a ti ṣe lé ní 200,000.

Láti ìgbà náà ni àtúnṣe kéékèèké ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu òkúta tí ara rẹ̀ sán, omi yóò máa jò wọ inú fọ́nrán, ọkọ̀ yóò sì wúwo. Ẹni náà yóò fọ iyọ̀ òkun kúrò, yóò jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ (aláìnísùúrù a máa fo èyí, bẹ́ẹ̀ rẹ́sìnì kì í di fọ́nrán tútù mú), yóò sì fi sáńpépà ha ẹ̀bá rẹ̀ títí yóò fi rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi rẹ́sìnì rin aṣọ gíláàsì, tí yóò tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa yọ pákó tí ó bàjẹ́, a sì fi òmíràn rọ́pò. Ní ti fáíbà, ohun tí a kọ́kọ́ fi mọ ọkọ̀ náà ni a tún fi ń dí ihò rẹ̀.