Owó-Orí Láìsí Ìjókòó: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Àwọn Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àríyànjiyàn láàárín wa, ní ìpàdé àti nínú ilé: kí ni ipò obìnrin láàárín ìlú? Àwọn kan ń sọ pé àjèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin, pé òyìnbó ni ó gbé e wá láti fi da ilé wa rú. Àwọn mìíràn sì ń sọ pé àjàgà ni àwọn baba ńlá wa fi bọ àwọn ìyá wa lọ́rùn, pé ìwé àti ọ̀làjú ni ó tú u. Ìhà méjèèjì ni ó ń fi ìtàn ṣe ẹlẹ́rìí. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí á pe ìtàn náà síwájú, kí á gbọ́ ohun tí ó ní í sọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀ ni pé obìnrin Yorùbá kì í ká ọwọ́ gbera kí ó máa retí owó ọkọ. Ó ní ọjà tirẹ̀, ó sì ní àpò tirẹ̀. Ó ń fọ epo, ó ń rẹ aró, ó ń ta aṣọ, ó sì ń gbé ẹrù lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn. Nítorí pé ọwọ́ obìnrin ni ọjà wà, ìlú púpọ̀ ni ó ní Ìyálóde, tí ó ń bá àwọn ìjòyè jókòó, tí ó sì ń gbé ohùn àwọn obìnrin dé iwájú wọn. Ta ni kò gbọ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúubú? Nígbà tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, ó padà sí Abẹ́òkúta. Ó ran àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́ nínú ogun Dahomey ti 1864, a sì fi í jẹ Ìyálóde. Oyè náà ni ó wà títí ó fi kú ní 1887.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1997, sọ pé kì í ṣe akọ àti abo ni Yorùbá àtijọ́ fi ń to ènìyàn bí kò ṣe àgbà àti ọmọdé. Ó fi èdè wa ṣe ẹ̀rí: "ọmọ", "ẹ̀gbọ́n", "àbúrò", kò sí èyí tí ó sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni náà, kódà "ó" tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọlará Ògúndípẹ̀, ẹni tí ó kú ní 2019, wò ó lọ́nà mìíràn. Ó ka òkè mẹ́fà tí obìnrin Áfíríkà pọ̀n sẹ́yìn: ó ka ìnira tí ó ti òde wá, ó ka ti àṣà ìbílẹ̀ náà, ó ka ti ọkùnrin, ó sì ka obìnrin fúnra rẹ̀ mọ́ wọn.

Ní ti àwa, a rí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Òtítọ́ ni pé ìjókòó wà fún obìnrin. Ṣùgbọ́n Ìyálóde kan ni ó sábà máa ń wà láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní owó, ó ní oko, ó sì ní ẹrú tí kò lóǹkà. Síbẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Látòósà dojú kọ ọ́ ní 1874, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa á. A kò sì gbọdọ̀ fi bò pé òun àti Tinúubú ni wọ́n ṣe òwò ẹrú. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ó jẹ àǹfààní ayé àtijọ́; àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ ẹrú náà jẹ́ ìyá ẹnìkan.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ọkùnrin nìkan ni ó wá láti bá sọ̀rọ̀. Ó fi ọba àti àwọn ìjòyè ọkùnrin ṣe alákòóso, ohùn Ìyálóde sì rọ nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun ìyanu yìí: nígbà tí owó-orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, wọ́n bu tirẹ̀ lé obìnrin lórí lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ní ìlú púpọ̀ mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ọkùnrin nìkan ni ó ń san án. Nígbà tí a ń gba owó, ìjọba mọ̀ pé obìnrin ní àpò tirẹ̀. Nígbà tí a ń gbìmọ̀, ìjọba gbàgbé pé ó ní ẹnu. Níhìn-ín gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Èkó ni a ó kọ́kọ́ yà sí. Ní 1940, ìjọba fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún ju £50 lọ. Alímọ̀tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrékọ̀, tí kò kà, tí kò kọ, kó àwọn obìnrin ọjà jáde, ìjọba sì gbé ààlà náà sókè dé £200. Ní 1944, ìyáàfin Oyinkán Abáyọ̀mí dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Èkó kan náà. Àwọn tí ó mọ̀wé ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ yìí, ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin, iṣẹ́ ìjọba fún obìnrin tí ó kàwé, àti ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ẹ rí i pé ní ìlú kan ṣoṣo, obìnrin ọjà ń jà fún iye tí a ó tà á, obìnrin akọ̀wé sì ń jà fún ipò nínú ọ́fíìsì. Àwọn obìnrin pàápàá kò rí ọ̀rọ̀ náà bákan náà.

Abẹ́òkúta ni a ti so okùn méjèèjì pọ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí a bí ní 1900, wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà. Ó kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di olùkọ́. Ní 1932 ó kó àwọn ìyáàfin tí ó mọ̀wé jọ sí ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé. Ní 1944, obìnrin ọjà kan fẹ́ mọ ìwé kà, ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ṣe gbọ́ ohun tí ojú ń rí ní ọjà: pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi tipátipá gba ìrẹsì nítorí ogun, wọn kò sì san iye tí ó tó. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ìwé ìròyìn, gbígba ìrẹsì náà sì dáwọ́ dúró.

Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà: ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin di ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Èdè Yorùbá ni a fi ń ṣe ìpàdé, àwọn akọ̀wé sì ń wọ ìró àti bùbá kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láàárín ẹgbẹ́. Wọ́n béèrè ohun mẹ́ta: kí a mú owó-orí kúrò lórí obìnrin, kí a gbé e ka àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, kí obìnrin sì ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tí a fojú bù sí 10,000 jókòó sí iwájú ààfin, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní 1948 a dá owó-orí obìnrin dúró. Ní ọdún yìí kan náà Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò nílùú, ó sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Nínú ìgbìmọ̀ tuntun tí ó rọ́pò àkóso rẹ̀, obìnrin mẹ́rin ni ó ní ìjókòó. Kí á má ṣe pa ìtàn lára: Kábíyèsí padà sí orí ìtẹ́ ní ìparí 1950, ó sì jọba títí di 1962. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ẹrù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé e lórí ni ó sọ ọ́ di ọ̀tá àwọn ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìlẹ̀kùn púpọ̀ ti ṣí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, gba ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bákan náà. Ní 1960, ìyáàfin Wúràọlá Ẹ̀sán láti Ìbàdàn di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Nígbà tí ó yá, ó jẹ Ìyálóde ìlú rẹ̀. Àwọn obìnrin ìhà Àríwá, tí wọn kò lè dìbò ní 1959, dìbò ní 1979. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin ní Àbújá kọ àbá tí yóò fi ìjókòó pàtó sílẹ̀ fún obìnrin. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kò tí ì parí.

Kí ni a rí kọ́? Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin jẹ́ ti òyìnbó kò rántí Ìyálóde, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé ìjọba òyìnbó gan-an ni ó rọ ohùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì sọ pé inú ìgbèkùn pátápátá ni àwọn ìyá wa wà kò mọ ọjà. Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé bí obìnrin bá ń jókòó ní ìgbìmọ̀, ilé yóò tú. A kò fojú tín-ín-rín ẹ̀rù yìí, nítorí ilé tí ó tú kì í bímọ tí yóò sin ìlú. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn láyé àtijọ́ kò tú ilé rẹ̀ ká. Ẹ̀yin ará wa ní òkè òkun mọ̀ pẹ̀lú pé níbi tí ọkọ àti aya ti ń jí lọ sí ibi iṣẹ́, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọlé ni ó ń gbé ìkòkò ka iná, iyì ọkùnrin kò sì ti ibẹ̀ dín kù.

Ẹ jẹ́ kí á wá bi ara wa ní ìbéèrè tí ó kan Ẹgbẹ́ wa yìí. Nígbà tí a bá dá owó ilé ìwòsàn, owó gbọ̀ngàn tàbí owó ọ̀nà, a kì í yọ obìnrin sílẹ̀. Nílé àti ní òkè òkun, wọ́n ń san tiwọn pé. Nígbà tí a bá wá ń pín ipò, kí ni a ń fi sílẹ̀ fún wọn? Oyè Ìyá Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, àti oúnjẹ ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa: èyí jọ owó-orí láìsí ìjókòó tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kọ̀.

Àbá wa kò pọ̀. Kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ ìnáwó àti ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, kí wọ́n sì wà lára àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò. Kí a má ṣe fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà. Kí a máa fi èdè Yorùbá ka àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ẹni tí kò kàwé lè dá sí i. Kí a sì máa pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin lọ́gbọọgba. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àjèjì nínú wọn. Àwọn ìyá wa ti ṣe é rí. Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣá ti kú ni.

Kí Ọlọ́run bù sí ìlú wa, kí ó sì jẹ́ kí á pé jọ láyọ̀ ní àmọ́dún.