Iná Orí Ìbọn fún Ààbò Ilé

Iná orí ìbọn ni tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a so mọ́ abẹ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ ìbọn kí ẹni tó dì í mú lè ríran nínú òkùnkùn. Amẹ́ríkà ni àwọn ará ìlú ti ń lò ó jù. Níbẹ̀, nínú ẹjọ́ District of Columbia v. Heller ní ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé fún ààbò ara rẹ̀. Iṣẹ́ iná yìí ni kí onílé mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun: olè ni, àbí ọmọ tó jí wá mu omi.

Ìtàn

Nígbà tí SAS, àwọn ọmọ ogun àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya wọ ilé aṣojú Ìráànì ní Lọ́ńdọ̀nù láti gba àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980, tọ́ọ̀ṣì wà lórí ìbọn MP5 àwọn kan nínú wọn. Ní 1995, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwọ̀n kan ṣoṣo fún irin tí a ń gbé iná àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ lára ìbọn. Picatinny ni wọ́n ń pè é, orúkọ ibùdó ohun ìjà kan ní New Jersey. Iná LED tó dé lẹ́yìn náà mọ́lẹ̀ gan-an, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí ìbọn bá ń ta, kò dà bíi gílóòbù onífọ́nrán.

Yíyàn

Lumen ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí iná ń tú jáde. Candela ni agbára ìtànṣán rẹ̀ láti dé ọ̀nà jíjìn. Fún àpẹẹrẹ, iná orí ìbọn Streamlight TLR-1 HL ní 1,000 lumen àti 20,000 candela. TLR-7A tó kéré jù ú lọ ní 500 àti 5,000. Nínú yàrá, ọ̀nà kò jìn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ wúlò ju èyí tó gùn lọ. Ògiri funfun àti dígí sì lè dá iná tó lágbára padà sójú onílé fúnra rẹ̀. Kí àtàńpàkò tàbí ìka lè dé bọ́tìnnì láì yí ọwọ́ padà, kí àpò ìbọn sì gba ìbọn àti iná pọ̀.

Lílò

Iná tí ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ń dè mórí lóru, ojú ọdẹ ló ń bá lọ. Èyí ń bá ẹnu ìbọn lọ, nítorí náà ẹni tí a bá tàn án sí lára ti di ẹni tí a na ìbọn sí. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ ìbọn yíyìn fi ń sọ pé tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ni kí a fi wá nǹkan kiri nínú ilé. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́, kí ẹnu rẹ̀ dorí kodò. Ìmọ́lẹ̀ tó ta lára ilẹ̀ máa ń tó láti fi dá ènìyàn mọ̀.

Kí ìka tó ń tẹ iná má ṣe jẹ́ èyí tó ń yìnbọn. Ní Plano, ìpínlẹ̀ Texas, ní 2010, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa ọkùnrin kan. Ó ní iná lòun fẹ́ tàn. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ìbọn tí kò ní ọta nínú kọ́ títan iná léraléra. Bí àyè bá wà, kí onílé kó ìdílé rẹ̀ sínú yàrá kan, kó ti ilẹ̀kùn, kó sì pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà: ọ̀nà yìí kò béèrè pé kó na ìbọn sí ẹnikẹ́ni.