Àkọ́rọ̀ òjò tó tàn wá jẹ: láti Operation Feed the Nation dé ẹ̀yìnkùlé mi

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ nínú àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà tí mo rọ ilẹ̀ sí ní ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Tánkẹ̀, Ìlọrin. Ó máa parí ní Ìlọ́fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, nílé ìyá tó bí ìyá mi. Láàárín méjèèjì, a máa gba ọdún 1939 àti ọdún 1976 kọjá. Ẹ fi ìdí mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kejì ọdún 2024. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yẹn ni Super Eagles gbá ìparí AFCON ní Abidjan, tí Ivory Coast fi ayò 2–1 borí wa. Gbogbo wa la rántí ayò yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ni ooru ọ̀sẹ̀ náà. Ooru ọ̀hún kò jẹ́ kéèyàn sùn lóru. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní World Weather Attribution yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Wọ́n ní bí ọmọ aráyé ṣe ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ ti mú kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó kéré tán.

Nǹkan kejì tó ń jó wa lára nígbà náà ni owó oúnjẹ. National Bureau of Statistics ní owó oúnjẹ lóṣù yẹn fi ìdá 37.92 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kejì ọdún 2023 lọ. Èmi tí mo máa ń ra ata lódindi abọ́ tẹ́lẹ̀, mo ti ń ka ata rà.

Bí oṣù náà ṣe ń parí lọ, òjò ńlá kan ṣàdédé rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ìjì jà, iná lọ, ilẹ̀ tutù. Òórùn erùpẹ̀ tó tutù yẹn gba gbogbo ilé. Mo wo fídíò mẹ́rin lórí fóònù mi lórí bí wọ́n ṣe ń gbin ewébẹ̀ sínú àpò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti tòmátì. Mo gbìn ín, mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí status. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, tẹ̀tẹ̀ yọ orí. Lọ́jọ́ kẹwàá, òjò kò tíì padà wá, kànga ilé wa ti fà lọ sísàlẹ̀, onílé sì ní kí oníkálukú máa ṣọ́ omi lò. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó kù nínú àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni erùpẹ̀ tó gbẹ táútáú. Owó irúgbìn wọlẹ̀.

Mo pe Màmá ní Ìlọ́fà. Mo rò pé wọ́n máa bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àkọ́rọ̀ lo rí yẹn. Àkọ́rọ̀ kì í ṣe òjò ìgbìn. Ó wá kí wa ni, kò wá sùn.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n sọ yẹn, nítorí ó ní ìdí. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún lọ́wọ́ ara wọn nílẹ̀ wa. Ọ̀kan gbẹ, ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì tutù, ó ń ti orí òkun wá láti ìhà gúúsù. Bí ọdún bá ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ òkun á máa ti afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ padà sí òkè, títí òjò á fi kárí ilẹ̀ Haúsá. Àmọ́ kì í tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà míì, á sáré wọ ilẹ̀ wa ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, á rọ òjò kan tàbí méjì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á sì tún lé e padà. Àárín ìgbà tó sá padà yẹn ni irúgbìn ń kú.

Kì í ṣe wa nìkan lọ̀rọ̀ náà ń bá. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2019, ìwọ̀n ooru dé 21.2°C ní Kew Gardens ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí òtútù ló yẹ kó máa mú níbẹ̀. Kò tíì sí ọjọ́ òtútù kankan ní Gẹ̀ẹ́sì tí ooru rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lákọsílẹ̀ tiwọn. Ará ilé wa tó bá gbé tòmátì sí ìta nítorí oòrùn ọjọ́ yẹn, òtútù òru ló máa pa á. Níbẹ̀, òtútù ló ń padà wá. Níbí, ọ̀dá ni. Ẹ̀tàn kan náà ni.

Ó wá dà bíi pé èmi nìkan ni mo gọ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn, mo sì rí i pé odindi orílẹ̀-èdè ti wà ní ipò mi rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1939, ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó oúnjẹ lọ sí ìlú wọn ni àwọn Jámánì ń rì. Ìjọba wọn wá polongo ohun tí wọ́n pè ní Dig for Victory, ìyẹn ni pé kí gbogbo èèyàn gbẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè ṣẹ́gun. Àwọn tó ń gbin òdòdó sí iwájú ilé hú u, wọ́n gbin ànàmọ́ òyìnbó àti kábéèjì. Kódà, inú yàrà tó yí Tower of London ká di oko ewébẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ kì í ṣe ìpolongo náà. Ìwé pélébé ni. Ìjọba tẹ ìwé pélébé tó sọ ohun téèyàn máa gbìn, àyè tí wọ́n máa fi sílẹ̀ láàárín ebè, àti oṣù tí wọ́n máa gbìn ín. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò dáko rí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí kò ní ni kàlẹ́ńdà.

Ó di Nàìjíríà, ọdún 1976. Ọ̀dá ńlá ti jà ní apá àríwá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Orílẹ̀-èdè tó ń ta ẹ̀pà àti epo pupa fún gbogbo ayé tẹ́lẹ̀ wá ń fi owó epo ra oúnjẹ láti òkè òkun. Ní oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì gorí àléfà. Ní oṣù karùn-ún, Ọbásanjọ́ ṣí Operation Feed the Nation, tí àwọn èèyàn ń pè ní OFN.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú OFN kò le: kí gbogbo èèyàn gbin nǹkan. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, sójà, kí oníkálukú wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ìjọba ra ajílẹ̀, wọ́n sì tà á fún àgbẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Wọ́n san owó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti lọ ṣiṣẹ́ oko nígbà ọlidé gígùn.

Màmá rántí rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní orí redio làwọn ti gbọ́ ọ, àti pé àwọn tíṣà kọ ebè yí kíláàsì ká. Wọ́n ní ẹni tó dùn mọ́ jù ni tíṣà kan tí kì í ṣe ará ibẹ̀, tó ń jí lọ wo àgbàdo rẹ̀ kó tó wẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan: “Àwọn tó gbìn ín kò bi wá léèrè. A wà níbẹ̀, a ń wò wọ́n.”

Ẹ wo kàlẹ́ńdà rẹ̀. Wọ́n ṣí ètò náà ní oṣù karùn-ún. Ẹni tó gbọ́ ìkéde, tó wá ń wá irúgbìn àti ajílẹ̀ kiri, oṣù kẹfà ti bá a lọ́nà. Ní tiwa ní gúúsù Kwara, àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ti ro oko àgbàdo rẹ̀ ní àròtúnrò nígbà náà. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì máa fi gba ọlidé, àwọn èèyàn ti ń sun àgbàdo tútù jẹ. Èmi yá jù ní 2024. Ọ̀pọ̀ àwọn tí OFN mú wọ oko ní 1976 pẹ́ jù. Ohun kan náà ló ṣe wá: ìtara wa ló sọ ìgbà tí a máa gbìn, kì í ṣe ilẹ̀.

Ní 1979, àwọn ológun gbé ìjọba fún Shehu Shagari, OFN sì wábi gbà. Shagari gbé Green Revolution tirẹ̀ jáde ní 1980. Oúnjẹ òkè òkun kò yéé wọlé. Ẹ má gbàgbé pé ìjọba ti dá NIHORT sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, ilé ìwádìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ ewébẹ̀ àti èso ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ìmọ̀ wà nílẹ̀ nígbà náà, lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa. Ọ̀nà tí ìmọ̀ náà máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbìn fún ìgbà àkọ́kọ́ ni kò já gaara.

Ẹ rántí 2020 náà. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta ni wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa nítorí Kòrónà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọn kò fọwọ́ kan erùpẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ewébẹ̀ sínú ike. Tiwọn yọ, ó sì dàgbà. Wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ló dára. Òjò ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí múlẹ̀ ní gúúsù nígbà tí wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

Gbogbo èyí ni mo kó dání nígbà tí mo lọ sí Ìlọ́fà fún ọdún Àjíǹde, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2024. Mo gba Òmù-Àrán, mo yà kí àwọn ẹbí bàbá mi ní Òsì, mo sì dé ọ̀dọ̀ Màmá ní ọ̀sán. Mo ti múra ètò yìí sílẹ̀ lórí mi: ọ̀dọ́ kò mọ̀, àgbà mọ̀, ẹ lọ bi àgbà. Ó parí.

Màmá mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ebè bí ogún ló wà níbẹ̀. Àgbàdo tó wà lórí wọn kò ju ìka mi lọ, ó ti pọ́n, ó ti ká kò. Mo wo ojú wọn.

Wọ́n ní, “Àkọ́rọ̀ yẹn rọ̀ níbí náà. Òjò kejì tẹ̀ lé e. Ìrókò ti rúwé, èsúnsún ti jáde. Gbogbo ohun tí ìyá mi fi hàn mí ni mo rí. Mo gbìn ín.”

Irúgbìn tí wọ́n gbìn kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Àgbàdo tí wọ́n so mọ́ òkè ààrò láti ọdún tó kọjá ni, tí èéfín ń fẹ́ sí kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Wọ́n ti gbìn ín tán. Èmi pàdánù owó pálapàla kan. Wọ́n pàdánù irúgbìn tó ti wà nínú ilé ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín lórí fóònù, kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ń rín.

Mo bi wọ́n pé kí la máa ṣe. Wọ́n ti ìka bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, bí omi bá ti dé ibi tí ìka parí sí, àwọn á gbìn. Ní báyìí, àwọn máa dúró kó dé ọrùn ọwọ́, kí òjò sì rọ̀ tẹ̀ léra wọn. Wọ́n ní àwọn ò tún ní gbin irúgbìn tán lẹ́ẹ̀kan mọ́. Ìdajì lákọ̀ọ́kọ́, ìdajì á dúró. Wọ́n fi koríko gbígbẹ bo orí ebè tó kù, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí iṣu, kí oòrùn má fa omi inú rẹ̀.

Èmi náà fi tèmi hàn wọ́n. Lọ́dọọdún, NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó ń sọ ìgbà tí òjò máa fìdí múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Mo kà á fún wọn lórí fóònù. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n ní, “Ó dáa. Kó sọ tiẹ̀, kí ilẹ̀ náà sọ tiẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá bára mu, a ó gbìn.”

A rí àgbàdo mìíràn gbà lọ́wọ́ ìyá kan ní Òsì, tí àgbàdo rẹ̀ ṣì wà lókè ààrò nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún tí kò lè tètè gbìn. Àwo méjì ló fún wa. Màmá gbin àwo kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹrin. Wọ́n so èkejì mọ́ òkè ààrò.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọgbà tiyín lọ́dún yìí, ẹ má jẹ́ kí òjò kan ṣoṣo sọ ọ́ fún yín. Ẹ ti ọwọ́ bọ ilẹ̀. Ẹ pa ìdajì irúgbìn mọ́. Kí ẹ sì pe ẹni tó mọ ilẹ̀ ní ìlú yín. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni òjò fìdí múlẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí yín, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti gba ti Màmá: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá, ó wà nínú fóònù mi. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà ṣì wà ní Tánkẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ló wà nínú wọn báyìí.