Kí Ló Ń Ṣe É? Èrò Kan Lórí Orúkọ Àìlera Ọpọlọ

Gbólóhùn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn wa: "àrùn ọpọlọ". Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kì í dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, àrùn ọpọlọ ni wọ́n ní ó ní. Bàbá àgbà tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, àrùn ọpọlọ. Ẹni tí wárápá ń gbé, àrùn ọpọlọ. Ẹni tó ń rìn níhòòhò láàárín ọjà ńkọ́? Àrùn ọpọlọ kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í bi ìbéèrè kejì, nítorí wèrè ló ti sọ sí i lọ́kàn. Onítumọ̀ kò kúkú purọ́. Inú ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló sọ fún wa, ó gbàgbé láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa kì í ṣe tálákà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ya gìrì sọ́tọ̀ kúrò lára wárápá. Gìrì ni ti ọmọ kékeré tí ibà mú tí ara rẹ̀ wá ń gan. Wárápá ni èyí tó ń padà wá láìsí ibà, lọ́mọdé lágbà. Àwọn dókítà náà ya méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọmọ ọdún márùn-ún ni ti ibà sábà máa ń mú.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń sọ ọ́. Gìrì gbé ọmọ. Wárápá mú un. Ẹ̀gbà gbà á. Nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àìsàn ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Ìbéèrè tí a máa ń bi ará ilé olójòjò, "Kí ló ń ṣe é?", ọ̀nà yẹn náà ló gbà: nǹkan kan ń ṣe ẹnì kan, nǹkan náà sì yàtọ̀ sí ẹni náà. Ìgbà tí a bá sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ ni ìjọ̀ngbọ̀n máa ń bẹ̀rẹ̀: akólòlò, adití, arọ, oníwárápá. Àìsàn ti bo ẹni náà mọ́lẹ̀. Ti dìndìnrìn tilẹ̀ burú jù, èébú nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ìlànà tí mo fẹ́ dábàá fún ẹni tó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nínú ìmọ̀ nípa ọpọlọ kò ju ọ̀kan lọ: kí ó wá ọ̀rọ̀-ìṣe kí ó tó wá ọ̀rọ̀-orúkọ. Gbólóhùn tí ìyá ọmọ ń sọ fún nọ́ọ̀sì ni kí ó kọ́kọ́ fetí sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ́tísìmù dán an wò. Leo Kanner ṣàpèjúwe rẹ̀ lára ọmọ mọ́kànlá lọ́dún 1943, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "ara ẹni" sì ni orúkọ náà ti wá. Tí a bá tú u bẹ́ẹ̀, ìmọtara-ẹni la máa bọ́ sí, ìyẹn sì ti di ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu wa. Ó yá mi lára kí a yá ọ̀rọ̀ náà, kí agbára wa lọ sórí àpèjúwe. Àpèjúwe náà gba ọgbọ́n. Ìwé òyìnbó ní kí òbí ṣọ́ ọmọ tí kì í wojú ẹni. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí kì í tẹjú mọ́ àgbà ni ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá rẹ̀ á máa yọ̀ ni. Ohun tó yẹ kí a bi í ni pé: "Ìyá, tí ẹ bá nàka sí ẹyẹ lókè, ṣé ó máa ń wo ibi tí ẹ nàka sí? Ṣé òun náà máa ń nàka sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó? Tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ṣé ó máa ń yíjú?"

Ọmọ mìíràn wà tí ọrùn rẹ̀ kò tètè le, tí kò jókòó lásìkò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gan bí wọ́n bá gbé e dúró. Ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa nínú oyún, nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lára ohun tó ń fà á ni kí ìkókó má tètè mí nígbà tí wọ́n bí i, tàbí ibà pọ́njú tó le tí wọn kò tètè tọ́jú. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ ọmọ lè dá ibà pọ́njú yìí sílẹ̀ lára ìkókó tí èròjà G6PD inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àrùn máa ń san tàbí kí ó máa pọ̀ sí i. Ìpalára yìí kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Àpá ọpọlọ" ni mo máa pè é. Àpá kì í ràn, ọgbẹ́ tó dá a sílẹ̀ sì ti kọjá. Orúkọ náà á jẹ́ kí ẹbí béèrè ohun tó dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó máa béèrè ẹni tó fi ṣe wọ́n.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní ewu tirẹ̀ o. "Gbé" lè dún bí ẹni pé ẹ̀mí àìrí kan ló wá gbé ọmọ. Àwọn kan ṣì ń ti ẹsẹ̀ ọmọ tí gìrì gbé bọ iná, wọ́n ń fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, èyí tó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kí ó sì ba ọpọlọ jẹ́. Nítorí náà, kí a fi ìyókù gbólóhùn kún un: iná mọ̀nàmọ́ná kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn bá tanná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara á gan, á sì máa gbọ̀n. Wárápá kò ṣàjèjì láàárín wa: nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó-Ọrà, tó jáde lọ́dún 1987, ènìyàn 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún ló ní in.

Ní ti àwọn àgbà, Ìbàdàn ti fi ọ̀nà hàn. Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis fi àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Amẹ́ríkà náà. Èsì ìwádìí náà ti ọdún 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, iye tí ìyè wọn ń bàjẹ́ lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Wọ́n bi àgbà ní ìbéèrè, wọ́n sì bi ará ilé rẹ̀ léèrè ohun tí ojú wọn ń rí. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń tú ohun tí "ó ń ṣarán" bò, nítorí ẹni tó ní bàbá òun ń ṣarán ti gbà pé ọjọ́ orí ni. "Ìyè rẹ̀ ń dínkù" sàn jù. Ohun tó ń dínkù ṣeé ṣọ́, ó ṣeé gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹnì kan lè ní ohun tí ojú rí kì í tó. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1817, James Parkinson fi gbígbọ̀n sọ àìsàn kan lórúkọ, àmọ́ ara ẹlòmíràn tó ní in kì í gbọ̀n rárá. Ṣe ni ó ń le, tí ìrìn rẹ̀ sì ń falẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan kò tó, mẹ́ta ni a nílò níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí a sáà máa pe gbogbo irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní àkàndá ẹ̀dá. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún olùkọ́ ohun tí ọmọ nílò. Kò sí orúkọ tí kò lè gbó. Orúkọ ìṣègùn ni "idiot" àti "moron" nígbà kan. Amẹ́ríkà fi òfin pààrọ̀ orúkọ tó rọ́pò wọn lọ́dún 2010. Lọ́dún 2004, Japan fi "ninchishō" rọ́pò ọ̀rọ̀ wọn fún ìyè tó ń dínkù, èyí tó ń pe arúgbó ní òmùgọ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984 ti bá wa wá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹni tó bá máa ṣe ti ọpọlọ ní láti kọ́kọ́ jókòó sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀. Kí ó wá gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìyá ọmọ lọ́wọ́. Èyí tí ìyá kò bá lè sọ lójú ọmọ rẹ̀, kí ó pa á rẹ́, kí ó wá òmíràn.